Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n mí ní Parakou kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi, ó ní, "Tonton, ikùn yìí ní láti lọ. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, tàǹsíọ̀n yín ti ga jù." Mo bi í pé ibo ló fẹ́ kó lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó kàn wọlé. Bí mo ṣe gun alùpùpù mi padà sí Tchaourou nìyẹn, tí ikùn jókòó síwájú mi bí ọmọ tí wọ́n ní kí n bá wọn gbé délé. Ikùn tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti ń ra kajú, tí àwọn ènìyàn fi ń kí mi pé ayé ń yẹ mí! Ta ló sọ ọ́ di àìsàn lójijì?

Ìyàwó mi kò sí nílé nígbà náà. Ọmọ wa obìnrin bímọ ní Cotonou, ìyá rẹ̀ sì ti lọ bá a wẹ ọmọ. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá wa, kò sí ẹni tí mo lè ráhùn sí. Mo pe ọmọ wa obìnrin náà lórí fóònù. Ó ní, "Papa, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Kì í ṣe ohun tí ẹ ń jẹ ni wàhálà, àsìkò tí ẹ ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ máa jẹun láàárín wákàtí mẹ́jọ péré lójúmọ́. Mẹ́rìndínlógún tó kù, omi nìkan."

"Ṣé ààwẹ̀ ni?"

"Ààwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀sìn."

"Kí wá ni àníyàn rẹ̀?"

"Ikùn yín ni, Papa." Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó tún ní, "Ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá ti pa ẹnu dé, òkèlè kan péré, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn." Ó wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló wà níbẹ̀, tó ń sọ Faransé bí ẹni tí ajá ń lé. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Mo kàn rí i pé òun ò níkùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo mọ ààwẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gba ààwẹ̀ Ràmàdánì. Mo mọ sààrì, mo mọ ìṣínu, mo mọ bí ẹnu ṣe ń gbẹ lọ́sàn-án nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ò jọ èyí tí mo mọ̀. Iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè fi ebi pa ara mi lọ́sàn-án, torí ìdí àpò kajú ni mo ń dúró sí látàárọ̀, lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń kó ọjà wá bá mi láti Goro àti àwọn abúlé rẹ̀. Mo wá pinnu pé tí mo bá ti dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, màá ṣí ẹnu. Tí mo bá ti kírun alásàárì, màá tì í. Ìyẹn ni pé nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí gbogbo mùsùlùmí tó gbààwẹ̀ láyé ń ṣínu, ìgbà náà ni tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Àwúsùbílàhì! Irú ààwẹ̀ wo nìyẹn? Mi ò lè bi ààfáà wa, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni yóò fi mí rín. Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò pé mo ń ṣe rejíìmù láti fi dín ikùn kù. Àwọn ọmọbìnrin tí aṣọ ìgbéyàwó wọn há ló ń ṣe rejíìmù, kì í ṣe ọkùnrin tó ti rí ọmọ ọmọ.

Gbogbo èyí ì bá má di nǹkan kan bí kì í bá ṣe ti àwo alẹ́. Inú agboolé bàbá wa ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Nígbà tí bàbá kú, oko kajú tó wà lọ́nà Goro dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Òun ní ìlà igi yìí, tòun ni, èmi ní tèmi ni, títí a fi dẹ́kun àtimáa kí ara wa. Kajú so, kajú bọ́, a ò kí ara wa. Àwọn àgbà ẹbí ló wá parí ẹ̀. Wọ́n pín igi náà, wọ́n ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gúnyán, wọ́n gbé àwo kan ṣoṣo síwájú àwa méjèèjì, wọ́n ní ká jẹ ẹ́. A ṣan ọwọ́, a jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ àwo yìí, ẹ má ránṣẹ́ pè wá mọ́. Kò sí ohun tí a tún fẹ́ wá parí."

Láti ìgbà náà, tí a bá ti kírun mọ̀gàríbì tán, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á gbé àwo kan jáde sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, àwa méjèèjì á jókòó tì í. Tí ọ̀kan bá pẹ́ lóko, èkejì á dúró dè é. Tí ebi ò bá pa ọ̀kan, á ṣan ọwọ́, á bu òkèlè kan, á wá sọ pé òun ti yó. Òkèlè kan yẹn ni òfin. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ jáde rí, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ orúkọ ara wa.

Èmi wá rèé, òfin ilé lápá kan, òfin Cotonou lápá kejì. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé iyán kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wàgáṣì lórí rẹ̀, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti yó."

"Ṣan ọwọ́."

"Mo ti yó, Ẹ̀gbọ́n. Lódodo."

Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó jẹ ìwọ̀nba, ó ní kí wọ́n gbé àwo kúrò. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Àní inú mi ń dùn pé mo borí wàgáṣì.

Ọjọ́ kejì, mo ti yó. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ti yó. Irọ́ ni o! Ebi ń pa mí kú lọ. Tí odó ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá ń dún, inú àyà mi ló ń dún. Wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ń bá àwọn àgbẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Mo lé ewúrẹ́ aládùúgbò títí dé ojú títì, nígbà tí mo dúró, mi ò rántí ohun tí ewúrẹ́ ṣe fún mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á fúyẹ́, orí mi á wúwo. Mi ò mọ̀ bóyá ara mi ń yá ni tàbí mo ń ṣàìsàn. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni obìnrin onírẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Kí alásàárì tó tó, màá ti jẹ àwo méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ní gbangba, lójú ọmọ aráyé, kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwà tí kò yé mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, kàkà kó ní kí n ṣan ọwọ́, ó bu òkèlè níwájú ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó nawọ́ sí iwájú mi, ó bu òkèlè níbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó bu ti ọ̀tún, ó bu ti òsì, ó bu ti àárín, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. Mo ń wò ó. Kí lèyí? Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹni tí ebi ń pa, wọ́n wá ń jẹun yí i ká! Nígbà tó tún di alẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi eyín gé ẹran sí méjì, ó jẹ apá kan, ó na apá kejì sí mi. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Inú bí mi. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní mo ti yó. Àbí tipátipá ni?" Ó dá ẹran náà padà sínú àwo. Òun náà ò bu òkèlè mọ́ lálẹ́ yẹn, mo rò pé ó ti yó ni.

Kò pẹ́, ìyàwó rẹ̀ náà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dáná. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ti gbé ààrò wá sí gbangba, ó kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi gan-an. Ibẹ̀ ló ti ń lọ ata, ibẹ̀ ló ti ń gúnyán. Tó bá fẹ́ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, á kọ́kọ́ gbé iyọ̀ náà sókè, bí ẹni tó ń fi ọjà han oníbàárà. Èéfín ń wọlé bá mi. Mo ní, "Ìyàwó wa, kí ló ṣe ẹ̀yìnkùlé?" Tẹ́lẹ̀, "ọkọ mi kékeré" ni obìnrin yìí máa ń pè mí, á sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí màá fi rẹ́rìn-ín bí inú tilẹ̀ ń bí mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ní, "Mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa rí ohun tí mò ń ṣe." Omi wà lójú rẹ̀. Mo rò pé èéfín ni.

Mo pe Cotonou. Mo ní, "Ojú wọn ti yí padà sí mi nínú ilé yìí. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Ọmọ mi ní, "Papa, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Inú á máa bí ènìyàn, gbogbo nǹkan á máa sú u. Ara ń kọ́ ọ ni."

"Ara ta ni? Tèmi ni àbí ti ẹ̀gbọ́n mi?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwo kò jáde. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ìrun, mo ń dúró de oúnjẹ tí mi ò ní jẹ, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá rẹ̀, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn pé wọn ò yọ mí lẹ́nu mọ́. Inú mi ò dùn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì mọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí àgbà yẹn sọ nípa àwo, ṣùgbọ́n mo ní rárá o, èmi ò kọ àwo, ikùn mi ni mo kọ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi léraléra, kò sì wọ̀ mí létí.

Tata wa, àbúrò bàbá wa obìnrin, ló gun sẹ́mì, alùpùpù akérò, wá láti Tchatchou, gbogbo ara rẹ̀ eruku. Kò jókòó. Ó wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Kí lo rí nínú ọbẹ̀?"

"Ọbẹ̀ wo, Tata?"

"Má fi mí ṣeré. Ọbẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ. Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n fi nǹkan sí i?"

Mo ń wò ó sùn-ùn.

"Gbogbo ìlú ló ń rí ọ lẹ́bàá títì," ló wí, "tí ò ń jẹ ìrẹsì ẹni tí kò bá ọ tan, àwo méjì-méjì. Tó bá di alẹ́, iyán ìyàwó ilé rẹ, o ò ní fọwọ́ kàn án. Ìyàwó tìrẹ tí ì bá máa se oúnjẹ fún ọ kò sí ńlé. Kí lo fẹ́ káwọn ènìyàn rò? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n ní o gbà pé ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ fún ọ ní májèlé jẹ nítorí igi kajú. Òun náà sì ti gbà pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn."

Háà! Mo jókòó sórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bu òkèlè yí àwo ká. Ẹran tó gé sí méjì. Ààrò tó wá sí gbangba, iyọ̀ tí wọ́n ń gbé sókè kí n lè rí i pé iyọ̀ ni. Wọ́n ti ń fi oúnjẹ bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí, èmi rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Tata, ikùn ni."

"Ikùn wo?"

"Ikùn mi. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé mọ́. Mo ṣàlàyé títí, wákàtí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́rìndínlógún, ó kàn ń mi orí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ránṣẹ́ sí mi pé òun yọ̀ǹda gbogbo igi kajú náà fún ọ. Ó ní igi tó bá mú kí àbúrò òun máa bẹ̀rù ọwọ́ òun, òun ò fẹ́ ẹ. Ìyàwó rẹ̀ sì ń di ẹrù, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Alafiarou. Dìde, lọ sọ fún wọn pé ikùn ni. Kí n rí ẹni tí yóò gbà á gbọ́."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. Ikùn yìí náà ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ohun tí ẹ rò." Mo sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

"Oúnjẹ wà," ló wí.

"Ó wà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ebi sì ń pa ọ́."

"Ó ń pa mí gan-an."

"O ò sì jẹ ẹ́. Ṣé Ọlọ́run ló ní kí o má jẹ ẹ́?"

"Rárá."

"Láádà wo ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí láádà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó wá jẹ́ pé alẹ́ lo ń gbà á." Ó fọwọ́ ra orí. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí."

Mo fi fídíò hàn án, bóyá yóò gbà mí gbọ́. Ó gbé fóònù jìnnà sójú, ó wò ó dópin. Ó ní, "Kí ni ọkùnrin yìí ń sọ?" Mo ní èmi náà ò gbọ́ ọ tán. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń wo ikùn mi. Ó ní, "Ikùn yìí? Ikùn tí èmi fi iyán mọ, tí mo mọ ọ́n títí ó fi yọ jáde báyìí, lo fẹ́ wó lulẹ̀ láìsọ fún mi? Ọkọ mi kékeré, o ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run!" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ gúnyán.

A kírun mọ̀gàríbì, àwo jáde, mo ṣan ọwọ́. Mo bu òkèlè kan, mo fi gbá ọbẹ̀, mo gbé e mì. Ó dùn débi pé mi ò rántí Cotonou mọ́. Mo bu ìkejì. Mo ń bu ìkẹta nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ mi nìkan ló wà nínú àwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹun?"

"Mo ti yó," ló wí.

Òkèlè dúró sí mi lọ́wọ́. Mo wo ọbẹ̀. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo wo ọbẹ̀. Mo wo ojú ìyàwó rẹ̀, mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé lé itan, gbígbẹ, kò tíì ṣan án. Ohun tí mi ò rò sí i rí láyé mi, mo rò ó tán láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì. Ó sì rí mi. Ojú mi ló ń wò látìgbà náà.

Ó wá fa igbá omi mọ́ra, ó ṣan ọwọ́, ó na ọwọ́ kọjá iwájú ara rẹ̀, ó bu iyán níbi tí mo ti bu tèmi, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ṣé o ti wá rí bó ṣe ń rí?"

"Mo ti rí i, Ẹ̀gbọ́n."

A jẹ àwo náà tán. Ìyàwó rẹ̀ tú ẹrù rẹ̀ lálẹ́ yẹn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kó ìkòkò padà sí ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wálé kí n wá kírun alásàárì. Oòrùn ṣì ń ta. Àwo ti wà lábẹ́ máńgòrò, iyán ń rú èéfín nínú ooru, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, ó ti ṣan ọwọ́, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Jókòó, kí ilẹ̀kùn rẹ tó tì." Mo jókòó, mo ṣan ọwọ́.

Tata ń bọ̀ látinú ilé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó fẹ́ máa padà sí Tchatchou. Ó dúró, ó ní, "Kí lẹ wá fẹ́ jẹ tó bá di alẹ́?"

"A ò ní jẹ nǹkan kan lálẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àbúrò mi ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

Ó wò mí, ó wo ikùn mi, ó mi orí. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mo kàn ń bá a gbà á ni."